Ọjọ́ Tí Mo Gun Kẹ̀kẹ́ Àǹtí Ìbídùn

Mo ti gbàgbé ọ̀pọ̀ nǹkan nínú àkókò tí mo lò ní Sáríà, ṣùgbọ́n Jímọ̀ kan wà níbẹ̀ tí kò ní kúrò lọ́kàn mi títí wọn yóò fi sin mí. Bí ọ̀rọ̀ rẹ̀ bá sọ sí mi lọ́kàn láàrin ìsìn, àfi kí n fi ìwé orin bo ojú, kí àwọn ará ìjọ má baà rò pé ìwàásù ni mo ń fi rẹ́rìn-ín. Kò tíì ju ọdún kan lọ nígbà náà tí ìjọba ní kí gbogbo ọkọ̀ máa gba apá ọ̀tún títì. Ọmọ ogún ọdún ni mí, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti Ìsánlú dé, mo sì gbà tọkàntọkàn pé kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni tún lè kọ́ mi nípa títọ́jú ẹni tí ara rẹ̀ kò pé.

Ibo ni mo ti kọ́ ọ? Gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ni. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré ni nọ́ọ̀sì kan fi kọ́ wa bí a ṣe ń di ojú egbò, bí a ṣe ń gbé ẹni tó dákú, àti bí a ṣe ń fi ṣíbí bọ́ aláìsàn tí kò lè jókòó. Wọ́n fún wa ní sátífíkéètì. Mo fi tèmi sínú férémù, mo sì gbé e lé itan bí ọmọ tuntun nínú ọkọ̀ ojú irin láti Òffà dé Sáríà.

Ẹni tó gbà mí síṣẹ́ ni Bọ̀dá Kọ́lá, ará Ọ̀mù-Àrán tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Samaru. Àbúrò wọn obìnrin, Àǹtí Ìbídùn, ni mo fẹ́ wá máa bá gbé. Láti ọmọ ọdún mẹ́ta ni àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú ẹsẹ̀ Àǹtí méjèèjì rọ. Wọ́n ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà tí mo mọ̀ wọ́n. Yàrá méjì ni wọ́n gbà ní Kwangila, ẹ̀rọ ìhunṣọ wọn sì wà lẹ́bàá fèrèsé tó kọjú sí títì. Súwẹ́tà ni wọ́n ń hun fún àwọn ọmọ iléèwé. Ẹni tí ọyẹ́ Sáríà bá ti fẹ́ lù rí ló mọ̀ pé iṣẹ́ ńlá niṣẹ́ súwẹ́tà. Wọ́n ní kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta kan tí wọ́n ń fi ọwọ́ yí pẹ́dà rẹ̀. Òun ni wọ́n ń gùn lọ ra òwú ní ọjà Sabon Gari. Kò sí Hausa àdúgbò tí kò mọ̀ wọ́n. "Mai Saƙa" ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn ẹni tó ń hun aṣọ.

Ohun tó gbé mi wọ ọ̀rọ̀ náà ni pé ní ìgbà òjò, Àǹtí yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti wà nílẹ̀ títí oòrùn fi kan àtàrí kí ará ilé kejì tó gbọ́ ohùn wọn. Ẹ̀rù ba Bọ̀dá Kọ́lá.

"Ìbídùn, kó ẹrù rẹ wá sí yàrá ẹ̀yìnkùlé mi," ni wọ́n wí. "N ò lè máa sùn kí n máa lálàá òkú rẹ."

Àǹtí ní, "Yàrá yẹn dáa, Bọ̀dá mi. Ṣùgbọ́n oníbàárà wo ni yóò bá mi dé ẹ̀yìnkùlé yín? Bí mo bá débẹ̀, jíjẹ àti sísùn nìkan ló kù fún mi."

Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà títí, wọ́n wá fẹnu kò sí ibì kan. Wọn yóò wá ẹnìkan tí yóò máa gbé pẹ̀lú Àǹtí fún oṣù mẹ́ta. Bí ó bá dára, kí Àǹtí dúró sí Kwangila. Bí kò bá dára, Samaru yá. Ẹnìkan náà ni èmi yìí, èmi àti férémù mi.

Ẹ gbọ́, mo ṣiṣẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kìíní, mo gbé abọ́ ẹ̀kọ wá, mo bu ṣíbí kan, mo ní, "Àǹtí, ẹ lanu." Wọ́n wò mí, wọ́n wá wo ọwọ́ ara wọn, ọwọ́ tó ń yí pẹ́dà láti Kwangila dé Sabon Gari, tó le bí ọwọ́ alágbẹ̀dẹ. Wọ́n rọra gba ṣíbí náà lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ kejì, mo rí i pé ilẹ̀ ni iyọ̀, epo, àwo àti ìkòkò wà. Mo ní irú wúruwùru wo nìyí? Mo bẹ káfíńtà kó kan pẹpẹ mọ́ ògiri lókè, mo sì kó gbogbo rẹ̀ lọ síbẹ̀. Ilé mọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà Àǹtí kò lè fi iyọ̀ sọ́bẹ̀ láìpè mí. Inú mi ń dùn. Mo rò pé bí wọ́n ṣe ń pè mí tó ni iṣẹ́ mi ṣe ń dára tó.

Èyí tó burú jù ni ti àwọn oníbàárà. Bí ìyá ọmọ iléèwé kan bá yọjú, tó ní, "Mai Saƙa, sannu," èmi ni n ó sáré jáde. Gbogbo Hausa tí mo gbọ́ kò ju mẹ́ta lọ: "sannu" tí a fi ń kíni, "ruwa" tí í ṣe omi, àti "na gode" tí í ṣe ẹ ṣeun. N ó fi ọwọ́ júwe pé Àǹtí ń sinmi, n ó ní, "Na gode," n ó sì pa ilẹ̀kùn dé. Àwọn kan lọ, wọn ò padà. Bó bá sì jẹ́ ẹni tó gbọ́ Yorùbá ló dé, tó ní, "Àǹtí, ara le bí?", n ó ti dá a lóhùn kí Àǹtí tó mí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, Àǹtí dá ẹ̀rọ dúró, wọ́n ní, "Ọmọ dáadáa, gbọ́. Ẹsẹ̀ mi ló rọ. Ẹnu mi ò rọ."

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni mà, ẹ má dààmú ara yín, mo ti gbọ́." N kò gbọ́ nǹkankan.

Jímọ̀ tí mo ń wí wá dé. Oṣù mẹ́ta ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé, Bọ̀dá Kọ́lá sì ti ránṣẹ́ pé àwọn ń bọ̀ ní aago mẹ́rin wá wo bí nǹkan ṣe ń lọ. Mo fọ ilé bí ẹni tó ń retí gómìnà. Mo gbé ìrẹsì ka sítóòfù, kẹrosíìnì tán. Ibi tí wọ́n ti ń tà á kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ nísàlẹ̀ ọ̀nà. Àǹtí wà nídìí ẹ̀rọ, ariwo rẹ̀ gba gbogbo yàrá, bẹ́ẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ wọn wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọgbọ́n kan bá sọ sí mi nínú. Bí mo bá gun kẹ̀kẹ́ yìí, n ó yára lọ, n ó yára bọ̀. Yàtọ̀ sí èyí, bí Bọ̀dá bá dé tí wọ́n rí i níta, wọ́n lè ní mo ń jẹ́ kí àbúrò àwọn máa fi ara wewu lójú títì. N kò béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ni ín. Kí ni mo fẹ́ béèrè sí? Ṣebí èmi ni mo mọ̀.

Mo jókòó sínú rẹ̀. Ẹsẹ̀ mi gùn, kò sì síbi tí wọn yóò gbà níwájú, mo bá ká wọn sábẹ́ ara mi, mo fi ìró bò wọ́n. Mo gbé agolo kẹrosíìnì lé itan. Mo yí pẹ́dà lẹ́ẹ̀kan, mo yí i lẹ́ẹ̀mejì, kẹ̀kẹ́ ń lọ! Mo tilẹ̀ ń juwọ́ sí àwọn èèyàn. Ìgbà tí mo dé ibi tí ọ̀nà ti da gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni mo rántí pé n kò bi ẹnikẹ́ni bí wọ́n ṣe ń dá a dúró.

Irin kan wà lápá òsì. Mo tì í síwájú. Àṣé fífà ni wọ́n ń fà á sẹ́yìn. Kẹ̀kẹ́ bá eré lọ. Ṣéènì gbá etí ìró mi mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ẹ́ wọlé bí ewúrẹ́ ṣe ń jẹ ewé ẹ̀gẹ́. Ọkọ̀ akẹ́rù kan ń bọ̀ lọ́ọ̀ọ́kán, ó fun fèrè, èmi náà sì yà sí òsì bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti kékeré, mo gbàgbé pé ìjọba ti yí i padà. Dírẹ́bà fi agbára káká yẹ̀ mí, ó yọ orí jáde, ó bú mi ní èdè tí n kò gbọ́. N kò mọ èsì mìíràn. Mo kígbe pé, "Na gode!"

Orí ló bá mi ṣe é. Ọkùnrin kan tó ń ta àgbò lẹ́bàá ọ̀nà ti kó koríko gbígbẹ jọ gègèrè. Inú rẹ̀ ni èmi, kẹ̀kẹ́ àti agolo wọ̀ lọ. Nígbà tí mo la ojú, àgbò kan ti ń fa gèlè mi jẹ.

Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Jímọ̀ tán ni, èrò sì kún ọ̀nà. Wọ́n rí obìnrin lórí kẹ̀kẹ́ arọ, wọn ò rí ẹsẹ̀ rẹ̀. Kí ni wọn ì bá rò? "Sannu, baiwar Allah!" ni wọ́n ń wí, pé pẹ̀lẹ́, ìránṣẹ́ Ọlọ́run, àánú mi ń ṣe wọ́n. Mo fẹ́ dìde, ṣùgbọ́n ìró mi ti wọnú ṣéènì dé ìbàdí. Bí mo bá dìde, ìró ò ní bá mi dìde. Mo bá tún jókòó. Alápatà sìgbọnlẹ̀ kan tẹ̀ mí léjìká, ó ní, "Zauna, zauna," pé kí n jókòó jẹ́jẹ́. Ìyá oníwáínà kan gbé wáínà gbígbóná mẹ́ta, àkàrà tí wọ́n fi ìrẹsì dín, lé mi nítan, ó fi ṣe sàráà. Mo ní, "Na gode." Baba arúgbó kan bi mí ní ìbéèrè gígùn kan. Mo ní, "Na gode." Ó tún bi mí ní òmíràn. Mo ní, "Na gode." Ó mi orí, ó sọ nǹkan fún àwọn tó yí mi ká. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo gbọ́ pé ohun tó wí ni pé, ó mà ṣe o, ọpọlọ rẹ̀ náà ò pé.

Obìnrin kan dé pẹ̀lú igbá fúrá, ìyẹn jéró tí wọ́n fi wàrà pò. Kò bi mí bóyá òùngbẹ ń gbẹ mí. Ó bu ìgbákọ kan, ó gbé e sí mi lẹ́nu. Ọwọ́ mi méjèèjì le koko, mo nà wọ́n kí n lè gbà á, ó fi ìfẹ́ gbá wọn sẹ́yìn. Fúrá ń ṣàn gba àgbọ̀n mi lọ sí àyà. Wọ́n ń jiyàn lórí mi: ọ̀kan nawọ́ síbí, èkejì nawọ́ sọ́hùn-ún, lórí ibi tó yẹ kí wọ́n gbé mi lọ. Mo ń fi ọwọ́ júwe pé òkè ibẹ̀ yẹn ni mo ń gbé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó wojú mi. Ibẹ̀ gan-an ni ojú ti kọ́kọ́ tì mí, kì í ṣe nítorí koríko. Ìgbákọ fúrá yẹn jọ ṣíbí kan tí mo mọ̀ dáadáa.

Wọ́n fẹnu kò pé "asibiti" ni, ìyẹn ọsibítù. Alápatà gbá mi mú lábẹ́ apá, ọkùnrin mìíràn gbá mi mú ní itan, wọ́n gbé mi sókè. Èmi bá wọn lọ, ìró mi kò bá wa lọ. Mo ké, "Yéè!" Mo ta, mo já bọ́ lọ́wọ́ wọn, mo sì dúró gbọnrangandan lórí ẹsẹ̀ mi méjèèjì nínú yẹ̀rì nìkan, wáínà kan lọ́wọ́ mi. Ọlọ́run ló ràn mí lọ́wọ́ tí ìyá mi fi kọ́ mi pé obìnrin kì í jáde láìwọ yẹ̀rì.

"Ikon Allah!" ni ìyá oníwáínà wí, pé agbára Ọlọ́run rèé. Fún bí ìṣẹ́jú kan, mo di iṣẹ́ ìyanu. Ẹnìkan tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀, ó tẹ orúnkún mi wò. Ìgbà náà ni alágbò wo kẹ̀kẹ́ yẹn láwòfín.

"Keken Mai Saƙa ne wannan!" ni ó pariwo. Ó ti dá kẹ̀kẹ́ Àǹtí mọ̀. Ó nàka sí mi. "Barauniya!"

N kò mọ ọ̀rọ̀ náà, ṣùgbọ́n ojú tó fi sọ ọ́ ló túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Olè. Olè tó jí kẹ̀kẹ́ arọ, tó ń díbọ́n bí arọ, tó sì ń gba sàráà! Ìyá oníwáínà gba wáínà ọwọ́ mi padà. Alápatà di apá mi mú, kì í ṣe dídìmú àánú mọ́. Àwọn tó wà lẹ́yìn ń tì bọ̀ níwájú. Omi ń bọ́ lójú mi. Mo la ẹnu kí n bẹ̀ wọ́n, èwo ló tún jáde? "Na gode."

Àṣé ẹnìkan ti sáré lọ sọ fún Àǹtí pé ọwọ́ ti tẹ olè tó jí kẹ̀kẹ́ wọn. Bọ̀dá Kọ́lá ti tètè dé ju àdéhùn lọ, wọ́n sì gbé Àǹtí sínú ọkọ̀ Ìjàpá wọn. Bí ọkọ̀ ṣe dúró, Bọ̀dá ló kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú táì lọ́rùn. Wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì ńláńlá bẹ̀rẹ̀. Kò yé ẹnikẹ́ni. Wọ́n bọ́ sórí Hausa, ṣùgbọ́n Hausa Bọ̀dá kò kọjá èyí tí wọ́n fi ń ná àlùbọ́sà. Gẹ́gẹ́ bí Àǹtí ṣe túmọ̀ rẹ̀ fún mi lẹ́yìn náà, ohun tí wọ́n sọ nípa mi ni pé, "Ó ti wọ́n jù, ẹ dín in kù." Èrò túbọ̀ yí wa ká.

Ìgbà náà ni ilẹ̀kùn ọkọ̀ kejì ṣí. Àǹtí ki ọwọ́ bọ sálúbàtà rọ́bà méjì tí wọ́n fi ń tẹ ilẹ̀, wọ́n sọ̀ kalẹ̀, wọ́n sì ń bọ̀. Ọ̀nà là fún wọn. "Mai Saƙa! Mai Saƙa!" Àǹtí kò kánjú o. Wọ́n kí alápatà, wọ́n béèrè ìyàwó rẹ̀, wọ́n béèrè ọmọ rẹ̀ tó ń wúkọ́, wọ́n kí alágbò kú ọjà, èmi sì wà nínú yẹ̀rì nínú ọyẹ́. Lẹ́yìn náà ni Àǹtí tọ́ka sí mi, wọ́n sọ gbólóhùn méjì péré. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín. Alápatà fi apá mi sílẹ̀, ó di ikùn ara rẹ̀ mú.

Mo bi Àǹtí léèrè lọ́jọ́ kejì pé kí ni wọ́n sọ. Wọ́n ní, "Mo ní ọmọ ilé mi ni. Mo ní ó rò pé kẹ̀kẹ́ mi ní ìyẹ́."

Àǹtí jókòó ti kẹ̀kẹ́ nílẹ̀, wọ́n ń darí iṣẹ́. Wọ́n ní kí alápatà gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè, wọ́n ní kí alágbò máa yí pẹ́dà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, àwọn fúnra wọn sì ń fi ìka yọ ìró náà jáde. Ó ti gbo, ó ti ya, gírísì ti kùn ún. Wọ́n jù ú sí mi, wọ́n ní, "Ró o, kí ọyẹ́ má pa ọ́." Ìyá oníwáínà dá wáínà mi padà, ó tún fi òmíràn kún un. Bọ̀dá Kọ́lá dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ̀, ẹnikẹ́ni ò gbé iṣẹ́ kankan fún wọn. Wọ́n ń wo àbúrò wọn bí ẹni tó ń wò ó fún ìgbà àkọ́kọ́.

Síbẹ̀, nígbà tí a délé, ojú Bọ̀dá le. Wọ́n ní, "Ó tán. Ìbídùn, Samaru lọ́la. Ìwọ ọmọ yìí, Ìsánlú."

Mo kúnlẹ̀. "Ẹ̀bi mi ni, sà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí mi fi ìyà jẹ Àǹtí."

Àǹtí wà níbẹ̀, kò jìnnà sí wa ju apá kan lọ, ṣùgbọ́n èmi ni Bọ̀dá kọjú sí. "Ìwọ tí o ti ń bá a gbé, sọ òótọ́ fún mi. Ǹjẹ́ ó lè máa gbé níbí? Kí ló nílò gan-an?"

Ìdáhùn ti wà lórí ahọ́n mi. Oṣù mẹ́ta ni mo fi ń dáhùn fún Àǹtí, ó ti mọ́ mi lára. Mo la ẹnu. Fúrá tún rùn sí mi nímú, ó ti gbẹ mọ́ mi láyà. Mo pa ẹnu náà dé.

"N ò mọ̀, sà," ni mo wí. "N ò bi wọ́n rí. Àǹtí rèé, ẹ bi wọ́n."

Bọ̀dá tú táì, wọ́n jókòó sórí ẹní lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò wọn. "Ìbídùn, kí lo fẹ́?"

Mo rò pé ó ti pẹ́ tí Àǹtí ti ń retí ìbéèrè yẹn. Wọ́n ní, "Mo fẹ́ irin tí mo lè dì mú lára ògiri balùwẹ̀, kí wọ́n sì ha ilẹ̀ ibẹ̀, kó má yọ̀ mọ́. Mo fẹ́ ẹni tí yóò máa pọn omi, tí yóò máa bá mi ru òwú lọ́jọ́ ọjà. Mo fẹ́ kí iyọ̀ mi padà sílẹ̀ níbi tó wà. Ọmọ yìí náà, kó dúró. Ó ń ṣiṣẹ́ bí ẹṣin. Etí ló kù kó ní."

"Bí o bá tún ṣubú ńkọ́?"

"Mo lè ṣubú, Bọ̀dá mi. Ẹ̀yin náà lè ṣubú. Ṣùgbọ́n ẹnìkan yóò wà nílé tí yóò gbọ́ ohùn mi."

Bọ̀dá jẹ wáínà kan, wọ́n wọ ọkọ̀, wọ́n lọ. Ní ọjọ́ Ajé, bíríkìlà kan kanlẹ̀kùn pẹ̀lú irin gígùn méjì, ó ní wọ́n rán òun láti Samaru, ó sì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ Àǹtí pé ibo ni ọwọ́ wọn dé.

Mo dúró fún ọdún méjì. Mo tú pẹpẹ. Mo kọ́ Hausa lẹ́nu Àǹtí, mo lọ bẹ àwọn ìyá ọmọ iléèwé lọ́kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan padà wá, àwọn kan ò wá. Àǹtí ń bú mi bí ó bá yẹ, mo ń gbọ́ bí ó bá yẹ, ìgbà tí n kò gbọ́ náà wà. Nígbà tí mo fi lọ sílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, súwẹ́tà aláwọ̀ ojú ọ̀run tí wọ́n hun fún mi ni mo wọ̀ kúrò ní Kwangila, a sì jọ sunkún díẹ̀.

Gbogbo ohun tí wọ́n kọ́ mi níbẹ̀ fún ọdún mẹ́ta dára, ṣùgbọ́n kò sí èyí tó ju ti Jímọ̀ yẹn lọ: kí ọwọ́ tó sáré ṣoore, kí etí ti kọ́kọ́ débẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wá kàn mí báyìí. Orúnkún mi ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe agídí. Ní oṣù tó kọjá, mo fẹ́ gun àtẹ̀gùn ilé ọmọ mi ọkùnrin, òun àti ìyàwó rẹ̀ sáré gbá mi mú ní apá méjèèjì. Ọ̀kan ń fà mí sókè, èkejì ń ní kí n sinmi ná, ẹsẹ̀ mi sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kúrò nílẹ̀. Mo ní, "Ẹ fi mí sílẹ̀, ẹ bi mí ná!"

Ọmọ mi ní, "Màmá, ẹ má bínú. Kí ni ká ṣe?"

Mo ní, "Ẹ bá mi gba àpò yìí, kí ẹ sì máa lọ níwájú." Mo di irin àtẹ̀gùn mú, mo ń gòkè díẹ̀díẹ̀. Nígbà tí mo dé ìdajì, ẹ̀rín pa mí débi pé mo ní láti jókòó, àwọn méjèèjì sì dúró lókè, wọ́n ń wo ara wọn, wọn ò mọ ohun tó ń pa ìyá wọn lẹ́rìn-ín.